Chenonceau: Ilé Orí Omi àti Owó Ìrèké

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti London lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ó pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ fojú ara mi rí Chenonceau, ààfin tó wà lórí odò Cher. Orí omi gan-an ni o! Ẹ yọjú lójú fèrèsé, ẹ ó rí odò tó ń ṣàn lábẹ́ ilé.

Thomas Bohier, ọ̀kan lára àwọn tó ń bójú tó owó ọba, ló rà á lọ́dún 1513. Ó wó ilé àtijọ́, ó ṣẹ́ ilé ìṣọ́ kan kù. Katherine Briçonnet, ìyàwó rẹ̀, ló dúró ti àwọn bíríkìlà. Lẹ́yìn ikú wọn, gbèsè gbé ilé náà fún ọba.

Ọba Henri Kejì fi ta àlè rẹ̀, Diane de Poitiers, lọ́rẹ. Diane ní kí Philibert de l'Orme, ayàwòrán ilé, ṣe afárá sódò. Ọba kú ní 1559, ni Catherine de Médicis, ìyàwó ilé, bá lé Diane lọ sí ààfin mìíràn, Chaumont, ó wá kọ́ gbọ̀ngàn tó gùn tó mítà 60 lé afárá yẹn lórí. Mo rìn ín tán, mo padà, mo tún un rìn. Ó rẹwà jọjọ.

Àfi bí mo ṣe kan orúkọ Terry. José-Emilio Terry, ọmọ Kúbà, ló ra ààfin yìí ní 1891. Tomás, bàbá rẹ̀, fi ìrèké là ní ìlú Cienfuegos ní Kúbà, ẹrú ló sì ń ṣiṣẹ́ oko. Wọ́n ní Tomás a máa ra ẹrú tó ń ṣàìsàn lówó pọ́ọ́kú, á tọ́jú wọn, á sì tún wọn tà. Kúbà yìí kan náà ni wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ, tí wọ́n sọ wọ́n ní Lukumí. Ọdún 1886 ni ẹrú ṣẹ̀ṣẹ̀ tán níbẹ̀. Ọdún márùn-ún péré ló wà láàárín ìyẹn àti ìgbà tí Terry ra ààfin!

Ìdílé Menier, àwọn tó ń ṣe ṣokoléètì, rà á ní 1913. Nígbà ogun àgbáyé kìíní, wọ́n tẹ́ ibùsùn àwọn tó fara gbọgbẹ́ sínú gbọ̀ngàn yẹn. Iṣẹ́ àánú ni, mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò kúrò ní Cienfuegos. Mo jókòó létí odò, mo ń ki oríkì ìdílé wa lábẹ́ ohùn, títí wọ́n fi ní ká máa jáde, àwọn fẹ́ tìlẹ̀kùn.