Bí a ṣe ń gbé máàpù àtijọ́ Davis, West Virginia, ka ilẹ̀ òde òní

Ẹ kú ìjókòó. Máàpù Davis ló wà lójú yín yìí, ní Tucker County, lórí òkè Appalachia. Èédú àti gẹdú ló kó èèyàn débẹ̀. Ọdún 1884 ni ojú irin wọ Davis. Àwọn agégẹdú ti hú irin tiwọn tipẹ́, ipa rẹ̀ là ń wá.

Ìwọ̀n 1:62,500 ni: mìlímítà kan lórí bébà jẹ́ mítà 62.5 lórí ilẹ̀.

Ẹ ṣí Georeferencer, irinṣẹ́ tó ń so àwòrán máàpù mọ́ ipò rẹ̀ lórí ilẹ̀, nínú QGIS (ètò kọ̀ǹpútà fún máàpù), kí ẹ kó àwòrán tí ẹ ti scan sínú rẹ̀. Ẹ má fi oríta tàbí ìpàdé odò ṣe àmì. Ọwọ́ ni wọ́n fi yà wọ́n nínú igbó, wọ́n lè yẹ̀. Igun máàpù àti àwọn àgbélébùú tín-ín-rín tó wà ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún (ìṣẹ́jú kan jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́ta dígírì) ni kí ẹ lò, gbogbo rẹ̀ 16. Ẹ sún un mọ́ra títí ìlà dúdú méjèèjì yóò fi nípọn lójú yín, kí ẹ wá tẹ àárín ìpàdé wọn gan-an.

Igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún: X (longitude) −79.25, Y (latitude) 39. Igun òkè lọ́wọ́ òsì: X −79.5, Y 39.25. Bí ẹ bá gbàgbé àmì àyọkúrò yẹn, Ṣáínà ni Davis yóò bọ́ sí. Ìṣẹ́jú márùn-ún jẹ́ 0.083333, bí ẹ bá gé e sí 0.08, àmì yẹn ti fi nǹkan bí mítà 370 ṣìnà sí àríwá tàbí gúúsù.

Ẹ yan EPSG:4267, ìyẹn NAD27, ìpìlẹ̀ ìwọ̀n ilẹ̀ àtijọ́ ti Amẹ́ríkà, kì í ṣe WGS 84 tí GPS ń lò. Polynomial 1, tó ń yí gbogbo bébà lọ́nà kan náà, ni kí ẹ kọ́kọ́ lò, kí ẹ sì wo òpó Residual, ìyẹn iye pixel (ẹyọ ojú àwòrán) tí àmì kọ̀ọ̀kan fi yẹ̀ kúrò níbi tó yẹ kó wà. Bí scan bá jẹ́ 600 dpi (pixel 600 nínú íńṣì kan), pixel 10 jẹ́ nǹkan bí mítà 26. Bí àmì kan ṣoṣo bá ga ju ìyókù lọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ ṣì ni. Bí apá kan bébà bá ga lódindi, ó ti fà: ẹ bọ́ sórí Thin Plate Spline, tó ń fa bébà títí gbogbo àmì yóò fi bọ́ sípò. Ẹ má fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀ o! Òdo ló máa kọ síwájú gbogbo àmì, títí kan èyí tí kò tọ̀nà.

Ìlú Thomas wà létí òsì pátápátá, bíi mìlímítà mẹ́ta sí ìlà, nítorí náà ẹ nílò máàpù tó tẹ̀ lé e níwọ̀-oòrùn.

Ẹ wá tẹ́ àwòrán òjìji òkè láti inú LiDAR (ìwọ̀n ilẹ̀ tí wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ laser ṣe láti òfuurufú) ti USGS, àjọ tó ń ya máàpù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, sábẹ́ rẹ̀. Ipa ojú irin máa ń rí bí àtẹ̀gùn tóóró kan tó rọra ń gun ẹ̀gbẹ́ òkè. Ibi tí wọ́n ti wú ilẹ̀ wa èédú fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ògiri àpáta sì máa ń dúró lókè rẹ̀.

Ẹ ka etí ìsàlẹ̀ máàpù dáadáa. Ọdún tí wọ́n wọn ilẹ̀ ni kí ẹ gbà, kì í ṣe ọdún tí wọ́n tún un tẹ̀. Ojú irin tí LiDAR fi hàn tí kò sí lórí máàpù lè jẹ́ èyí tí wọ́n tẹ́, tí wọ́n sì hú, láàárín ìwọ̀n ilẹ̀ méjì.