Ẹsẹ̀ Ló Gé Aṣọ Náà: Bí Yẹ̀rì Oníjó Ballet Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ eré orí ìtàgé, àti ẹ̀yin télọ̀ tí ẹ ti ìsọ̀ yín wá.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ. Aṣọ tí mo wá sọ̀rọ̀ lé lórí, yẹ̀rì tí obìnrin oníjó ballet (ijó orí ìtàgé àwọn òyìnbó) ń wọ̀, tutu ni wọ́n ń pè é. Mo rí àwọn tó ti ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ohun tó tútù nínú rẹ̀ o. Ẹ máa tó rí i pé iná ló pọ̀ jù nínú ìtàn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Faransé ni. Àwọn ọmọdé wọn máa ń pe ìdí ní cucu, àwọn àgbà sì yí i sí tutu láti fi ṣe àpárá. Ọdún 1881 ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ hàn nínú ìwé. Aṣọ fúnra rẹ̀ ti wà lórí ìtàgé fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ ìdí.

Àwọn tó ń sọ ìtàn aṣọ máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé télọ̀ kan ló jí lọ́jọ́ kan tó sì dá tutu sílẹ̀. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ẹsẹ̀ ló gé aṣọ náà. Bí oníjó bá ti kọ́ ohun tuntun tí ẹsẹ̀ lè dá, yẹ̀rì á ní láti yà fún un.

Ọdún 1681 ni àwọn obìnrin tó fi ijó ṣe iṣẹ́ kọ́kọ́ jó lórí ìtàgé ilé eré Opéra ní Paris, nínú eré Le Triomphe de l'Amour. Ṣáájú ìgbà náà, ọkùnrin ló ń wọṣọ obìnrin ṣe ipa wọn níbẹ̀. Aṣọ ààfin ni wọ́n fi jó: sẹ́dà tó wúwo, bàtà onígìgísẹ̀, yẹ̀rì tó ń gbálẹ̀. Nígbà tó yá, òrùka ńlá tó ń mú yẹ̀rì fẹ̀ tún wọ abẹ́ rẹ̀. Bí obìnrin bá fi ẹsẹ̀ dá àrà, òun nìkan ló mọ̀.

Marie Camargo ni kò lè gba èyí mọ́ra. Ọdún 1726 ló dé orí ìtàgé Paris, ó sì mọ ìfò kan tí ọkùnrin nìkan ń fò tẹ́lẹ̀: kí èèyàn wà lókè, kí ẹsẹ̀ méjèèjì máa gba ara wọn kọjá bí abẹ́ sìsọ́ọ̀sì. Kí ni àǹfààní irú ìfò bẹ́ẹ̀ lábẹ́ yẹ̀rì tó ń gbálẹ̀? Ó gé yẹ̀rì rẹ̀ sókè kúrò lọ́rùn ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà di awuyewuye nílùú, wọ́n tilẹ̀ ń jiyàn lórí ohun tó wọ̀ sábẹ́.

Marie Sallé, tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́, gba ọ̀nà mìíràn, òun gan-an ló sì wù mí jù. Ní London, ní ọdún 1734, ó jó nínú eré Pygmalion láìsí òrùka lábẹ́ yẹ̀rì, láìdi irun. Aṣọ muslin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wọ̀. Gígùn aṣọ ni Camargo gé. Ìwúwo rẹ̀ ni Sallé mú kúrò. Ohun méjèèjì yìí pàdé lára oníjó kan, Marie Taglioni, ní ọ̀rúndún tó tẹ̀lé e.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta ọdún 1832, Taglioni jó La Sylphide ní Paris. Filippo, bàbá rẹ̀, ló tò ijó náà, òun náà ló sì ti fún ọmọ náà ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ líle fún ọdún púpọ̀ títí ó fi lè dìde dúró lórí ìka ẹsẹ̀ bí ẹni tí kò wúwo. Iwin inú afẹ́fẹ́ ló ń ṣe nínú eré náà. Eugène Lamy ni wọ́n máa ń sọ pé ó ya aṣọ rẹ̀: ẹ̀wù tó fún mọ́ra lókè, èjìká níta, yẹ̀rì funfun tó rí bí agogo, tó dúró sáàárín orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀. Eré Giselle tẹ̀lé e ní 1841, láti ìgbà náà ni iwin àti òkú orí ìtàgé ballet ti ń wọ funfun.

Kì í ṣe aṣọ nìkan ló mú wọn dà bí iwin o. Láti 1822 ni ilé eré Opéra ti ń lo iná gáàsì. Bí ìmọ́lẹ̀ yẹn bá bọ́ sára aṣọ òwú tó ní ihò wínníwínní, tí wọ́n to ní ìpele ìpele, ńṣe ló máa ń dà bí ìkùukùu.

Ẹ wo èyí tí mo mú dání. Yáàdì kan aṣọ àwọ̀n ni, òwú ni, kì í ṣe náílọ́ọ̀nù. Mo fi sítáàṣì sí i lánàá, mo sá a sóòrùn. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún ṣàràṣàrà. Ó jọ tarlatan, aṣọ òwú oníhò tí wọ́n ń lò nígbà náà. (Níbi yìí, mo gé ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan lára rẹ̀, mo gbé e sínú abọ́ tí mo bu yanrìn sí, mo ṣáná sí i. Kí n tó ka ẹẹ́ta, ó ti tán. Gbọ̀ngàn dákẹ́.) Ihò ló pọ̀ jù lára aṣọ yẹn, afẹ́fẹ́ ló kún inú ihò, afẹ́fẹ́ sì ni oúnjẹ iná.

Ní 1844, fìtílà orí ìtàgé ran mọ́ aṣọ oníjó kan, Clara Webster, ní ilé eré Drury Lane ní London, níṣojú òǹwòran. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ló kú. Ní 1859, ìjọba Faransé pàṣẹ pé kí wọ́n máa rẹ aṣọ eré sínú oògùn tí iná kì í tètè ràn. Àwọn oníjó kò fẹ́ ẹ. Aṣọ tó bá ti inú oògùn náà jáde máa ń gan, funfun rẹ̀ a sì ṣú.

Emma Livry wà lára wọn. Taglioni fúnra rẹ̀ ló gbà á ṣe ọmọ iṣẹ́, òun ló tò ijó Le Papillon fún un ní 1860, ijó labalábá kan tí iná jó ní ìyẹ́. Ẹ má wulẹ̀ pe ìyẹn ní àmì. Ẹni tó bá ń sọ ìtàn lẹ́yìn ikú ló máa ń rí àmì. Livry kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé eré pé yẹ̀rì tí òun ti ń wọ̀ tẹ́lẹ̀ lòun máa fi jó, àti pé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, ọrùn òun ni kó wà.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún 1862, wọ́n ń ṣe ìdánrawò eré La Muette de Portici. Livry jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, ó ń gbọn yẹ̀rì rẹ̀ sókè kí ó má bàa rún. Afẹ́fẹ́ ìgbọ̀n yẹn ló pe iná gáàsì. Ó sáré gba orí ìtàgé kọjá, bó ṣe ń sá ni iná ń lé, kí panápaná kan tó fi aṣọ bò ó. Ọmọ ogún ọdún ni. Oṣù mẹ́jọ ló fi jẹ̀rora kí ó tó kú ní oṣù keje 1863. Àjókù aṣọ náà ṣì wà nípamọ́ ní ilé ìtọ́jú ohun àtijọ́ Opéra ní Paris.

Ẹnìkan nínú yín ti ń mirí pé agídí ló pa á. Ẹ rọra. Aṣọ tó gan kò lè fò, ipa iwin sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Òun kọ́ ló gbé iná tí kò ní ìdérí sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí obìnrin ti ń wọ aṣọ àwọ̀n.

Èyí tó kù yá. Àwọn oníjó ọmọ Ítálì ló gé yẹ̀rì náà dé òkè orúnkún, torí ẹsẹ̀ wọn tún ti kọ́ nǹkan mìíràn. Virginia Zucchi gbé yẹ̀rì kúkúrú dé St Petersburg ní Rọ́ṣíà ní 1885. Ní 1893, níbẹ̀ náà, Pierina Legnani yí lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejìlélọ́gbọ̀n láìdúró. Ta ló fẹ́ ka ìyẹn lábẹ́ agogo Taglioni?

Nígbà tí mo ní kí wọ́n béèrè ìbéèrè, télọ̀ kan ló kọ́kọ́ nawọ́. Kò béèrè nípa iná. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí tó kúrú tó nà gbọnrangandan yìí, báwo ni wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀ tí ò fi ní wọ́?" Mo ní wọ́n máa ń dorí ẹ̀ kodò kọ́ ọ ni, kí gbogbo ìpele àwọ̀n lè máa fà padà sókè. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó ní kí n sọ iye ìpele. Mo ní mẹ́wàá, nígbà mìíràn méjìlá. Ó pòṣé: "Owó àwọ̀n nìkan!"