Ẹ Bọ́ Sí Ẹ̀gbẹ́ Kan

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin olùgbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ físà, ọ̀rọ̀ bàálù, àyẹ̀wò ẹrù ní pápákọ̀, ẹ jẹ́ ká fò ó, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Iwájú tábìlì ìgbàlejò hòtẹ́ẹ̀lì ni mo ń bọ̀.

Àwọn tó ṣètò àpérò àwọn onímọ̀ tí wọ́n pè mí sí ti sanwó yàrá mi. Ìwé ẹ̀rí wà lọ́wọ́ mi. Ọmọbìnrin tó ń gba àlejò wo páspọ̀ọ̀tù mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Káàdì yín ńkọ́?" Mo ní wọ́n mà ti sanwó. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àwọn gbọ́dọ̀ so owó díẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú àkáǹtì, nítorí ohun tí àlejò bá jẹ tàbí ohun tó bá bàjẹ́ nínú yàrá. Mo ki káàdì bọ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. A tún un ṣe, ó tún kọ̀. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan ná."

Ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Háà!

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí mo ti ń ka iṣẹ́ rẹ̀ tipẹ́, tí mo ti ro ohun tí n ó bi í bí a bá pàdé, òun gan-an ló wà lẹ́yìn mi. Ó kí mi. Mo dáhùn. Gbogbo ìbéèrè tí mo kó wá pòórá. Ó gba kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, ó lọ.

Mo gbọ́ yín o! Ẹnìkan ń sọ pé, "Ta ni kò mọ̀ pé hòtẹ́ẹ̀lì máa ń so owó mọ́lẹ̀?" Ẹni tó ti ń sun hòtẹ́ẹ̀lì látìgbà èwe ló mọ̀. "Kí ló dé tí o ò mú káàdì kírẹ́díìtì lọ?" Ṣé báǹkì máa ń sáré fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú, tí kò tíì ní àkọsílẹ̀ gbèsè kankan, ní kírẹ́díìtì ni? Ẹni tó ní kírẹ́díìtì, àyè gbèsè rẹ̀ ni wọ́n máa dí. Káàdì báǹkì lásán ńkọ́? Owó oúnjẹ rẹ ni wọ́n so yẹn, ó sì lè tó ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí o ti kúrò kí báǹkì tó tú u sílẹ̀.

Ibo ni owó mi wà nígbà náà? Èmi ni mo san owó bàálù. Èmi ni mo san owó físà àti owó ìforúkọsílẹ̀. Bí mo bá padà, tí mo kó rìsíìtì sílẹ̀, yunifásítì mi yóò wá dá a padà nígbà tó bá wù wọ́n. Ẹni tí wọ́n jẹ lówó ni wọ́n ní kó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ yẹn, ẹ̀yin ará! Mi ò bínú sí ọmọbìnrin yẹn, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Àwọn tó pè mí ni mo ń bá wí. Ìwé kan wà tí ẹni tó ń sanwó lè bu ọwọ́ lù, kí hòtẹ́ẹ̀lì lè so owó náà mọ́ káàdì tirẹ̀. Ojú ìwé kan péré!

Ẹ̀gbọ́n mi ló fi owó ránṣẹ́ sí mi, káàdì gbà, mo wọlé. Oorun kọ̀. Ẹ mọ̀ pé lọ́dún 2016, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Brown ní Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ jáde pé lálẹ́ àkọ́kọ́ níbi àjèjì, apá òsì ọpọlọ kì í sùn wọra bí apá ọ̀tún? Ó ń ṣọ́ ẹni tó ń bọ̀. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kà á. Tèmi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, apá méjèèjì ló lajú kalẹ̀.

Àpérò mìíràn ti pè mí báyìí. Kí n tó wo owó bàálù, mo ti kọ̀wé sí wọn: ta ni yóò fi káàdì sílẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì? Wọn ò tíì fèsì. Títí wọn yóò fi fèsì, mi ò ní ra tíkẹ́ẹ̀tì.