Ṣé Àdírẹ́sì IP Lè Júwe Ilé Ẹni?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ni pé: "Mo ti rí àdírẹ́sì IP onítọ̀hún, ṣé mo lè mọ ilé rẹ̀?" Àdírẹ́sì IP ni nọ́ńbà tí a fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ ká jọ dán an wò.

Ẹ ṣí terminal, ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kí ẹ tẹ whois 8.8.8.8, àṣẹ tó ń béèrè ẹni tó ni àdírẹ́sì náà. Ẹ wo ìlà OrgName: Google LLC. Ẹ wo City: Mountain View, ní California. Ẹ má tíì yọ̀ o. Ọ́fíìsì ẹni tó ni àdírẹ́sì náà lẹ rí yẹn.

Ẹ wá tẹ ping 8.8.8.8, àṣẹ tó ń ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ náà, tó sì ń ka àkókò tí èsì fi dé. Lọ́dọ̀ tèmi, time=12 ms ló gbé wá (ms kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan). Ẹ fara balẹ̀ síbí. Nínú wáyà fíbà, ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bí 200 kìlómítà láàárín ms kan. Àlọ àtàbọ̀ ni ping ń kà, nítorí náà, ẹ fi 100 sọ 12 di púpọ̀: ẹ̀rọ tó dá mi lóhùn kò lè jìn ju 1,200 kìlómítà lọ. California sì jìn sí mi ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì! Ẹ̀rọ púpọ̀, káàkiri ayé, ló ń jẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo yìí.

Ti èèyàn ńkọ́? Lórí fóònù, ọ̀pọ̀ oníbàárà ló ń pín àdírẹ́sì kan lò. Ẹni tó bá ń lo VPN, ìyẹn ètò tó ń gba ẹ̀rọ mìíràn kọjá kó tó dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, àdírẹ́sì VPN lẹ máa rí. Àwọn tó ń ta àkójọ ibi tí àdírẹ́sì wà sì ń fojú díwọ̀n ni. Tẹ́lẹ̀, bí MaxMind, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ta àkójọ náà, kò bá mọ̀ ju pé Amẹ́ríkà ni àdírẹ́sì kan wà, ibì kan nítòsí àárín orílẹ̀-èdè náà ni wọ́n máa ń fi sí, ibẹ̀ sì bọ́ sí oko kan nítòsí Potwin, ní Kansas. Àdírẹ́sì tó lé ní 600 mílíọ̀nù ló ń tọ́ka sí i nígbà náà. Ọlọ́pàá ń wá síbẹ̀, àwọn tí inú ń bí ń wá síbẹ̀, àwọn tó ń gbé inú oko náà kò sì mọwọ́ mẹsẹ̀. Ọdún 2016 ni àṣírí tó tú, tí MaxMind gbé àmì ibẹ̀ lórí máàpù lọ sínú adágún omi. Ó ń dùn mí títí dòní.

Tí ẹnì kan bá lù yín ní jìbìtì, ẹ kọ àdírẹ́sì náà sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago gan-an, kí ẹ kó o fún ọlọ́pàá. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta dátà ló lè mọ oníbàárà tó lò ó lásìkò yẹn.