Ta Ló Fi Àmì Sí Etí Aṣọ Yìí?

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin èèyàn mi. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ìyá bàbá mi ni mo mú dání wá. Kí n tó tú u fún yín wò, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé inú igbó, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ewé èlú ni. Aláró á já èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, á gún un lódó títí yóò fi dúdú, á ṣù ú, á sì sá a sóòrùn. Ó di inú ìkòkò aró, nínú omi tí wọ́n sẹ́ lára eérú, fún ọjọ́ mélòó kan. Ohun tó ṣì ń yà mí lẹ́nu ni pé inú ìkòkò kọ́ ni aṣọ ti ń gba àwọ̀ aró. Bí wọ́n bá fà á yọ, bí ewé ló máa ń rí. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró, díẹ̀díẹ̀, lójú ẹni báyìí. Wọn á tún rì í, wọn á tún fà á, títí yóò fi dúdú bó ṣe wù wọ́n.

Kó tó dé ọ̀dọ̀ aláró, aládìrẹ á ti fi làfún ro ẹ̀kọ, á sì ti fi ìyẹ́ adìyẹ ya ọnà sára aṣọ funfun. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró ò ní mú un. Ẹ̀gbẹ́ ìyá lọmọ ti ń kọ́ ọ. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tó tọ́ ọ ni Nike Davies-Okundaye, gbajúgbajà aládìrẹ, ti mọ iṣẹ́ yìí. Nígbà tó di 1983, ó dá ibi ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo, àwọn tí kò bá a nílé tiwọn náà sì rí ibi jókòó sí.

Àwọn kan gbà pé ohun tí a jogún kò gbọdọ̀ yí padà. Èmi ò gbà. Ẹ wo àdìrẹ Ìbàdàndùn. Ní 1929 ni wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Màpó ní Ìbàdàn, ilé ìjọba òyìnbó lórí òkè. Àwọn aládìrẹ wo àwọn òpó rẹ̀, wọ́n yà wọ́n sáṣọ, wọ́n to ṣíbí sáàárín wọn, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ tó wù wọ́n. Ìyá wọn kò ya òpó rí. Ọwọ́ tí ìyá fún wọn ni wọ́n fi yà á.

Ó wá ku aṣọ tèmi. Àmì kan wà létí rẹ̀ níhìn-ín, bí ẹsẹ̀ ẹyẹ. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń pè é ní iṣẹ́ ìyá àgbà, àfìgbà tí mo bi àbúrò bàbá mi obìnrin léèrè. Wọ́n ní, “Rárá o. Ẹ̀gbọ́n ìyá wa ló ń ya ẹ̀kọ. Ìyá wa ò mọ̀ ọ́n yà. Aró ni tiwọn.” Obìnrin méjì ló wà nínú aṣọ kan, mi ò sì mọ̀.

Ọmọ mi obìnrin ti ń ya àmì náà sẹ́yìn ìwé iléèwé rẹ̀ báyìí. Ìka mẹ́ta ni ẹsẹ̀ ẹyẹ tó wà létí aṣọ. Ó ti fi ẹ̀kẹrin kún tiẹ̀, mi ò sì ní kó pa á rẹ́.