Kí ló dé tá à ń bá òkú sọ̀rọ̀?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ wa sọ ní Kàbà, ní ìpínlẹ̀ Kogí, nìyí, àwọn tí ò ráàyè wá ló ní kí n kọ ọ́ síta.

Mo kọ́kọ́ bi wọ́n pé nínú gbogbo arò tẹ́ ẹ ti gbọ́ nílé òkú, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ gbọ́ "ó kú" níbẹ̀? Wọ́n rò ó títí. Ohun tá a máa ń gbọ́ ni: ọba wàjà, àgbà ti relé, ẹni rere lọ. Àdàpè ni wọ́n ń pè é níléèwé, wọ́n ní ó ń dín oró ọ̀rọ̀ kù, òótọ́ ni àmọ́ kò tán síbẹ̀, torí ìrìn ni gbogbo ẹ̀: ó wọ àjà, ó relé, ó lọ. Ẹni tó wà lójú ọ̀nà ṣì ṣeé ké pè. (Erin wó yàtọ̀ ní tiẹ̀, ìyẹn àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, títóbi ẹni náà ló ń wí.) Aṣọ ìpò àwọn ará Bùnú, lágbègbè Kàbà níbẹ̀, náà ń sọ ọ̀rọ̀ ikú láìdárúkọ ẹ̀, aṣọ pupa tí wọ́n ń lò níbi ìsìnkú èèyàn ńlá, tó o bá ti rí i o ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lanu.

Ẹ wá gbé èyí tí gbogbo wa mọ̀ wò: "Má jọ̀kùn, má jekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́hùn-ún ni kó o bá wọn jẹ." Inú ilẹ̀ ni ọ̀kùn àti ekòló ń gbé, inú ilẹ̀ yẹn náà la fẹ́ gbé èèyàn wa sí, kò sì sẹ́ni tí ò mọ ẹni tó máa jẹ ẹnì kejì níbẹ̀. Arò ò fi ibojì pa mọ́ rárá, ó kàn yí ọ̀rọ̀ náà padà ni, ó sọ òkú di ẹni tó ní ẹnu, tó lè jẹ, tó lè kọ̀. Ọjọ́ tí mo rí èyí, orí mi wú.

"Ó di gbéré, ó di àrìnnàkò, ó di ojú àlá." Gbéré ti ilẹ̀kùn pa, àrìnnàkò ṣí i díẹ̀, torí ẹni tá a bá ṣèèṣì pàdé a ṣáà pàdé ẹ̀, ojú àlá wá fún wa níbi tá a ti máa ríra. Ẹ fi gbéré parí ẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó, ó bàjẹ́ nìyẹn.

Ìbéèrè ló mú mi jù. Nígbà tí ìyá ìyá mi lọ ní ìlú Ìyàrà, ẹ̀gbọ́n màmá mi jókòó síbi ẹsẹ̀ ẹ̀, ó di àtàǹpàkò ẹsẹ̀ náà mú, ó ní "Ìyá, ta lo fi mí sílẹ̀ fún?" Ìbéèrè pèsìjẹ ni ìwé ń pe irú ẹ̀, pé kò wá ìdáhùn. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn ó béèrè, ó dákẹ́, ó tẹ́tí, gbogbo yàrá dákẹ́ pẹ̀lú ẹ̀, ẹnì kan sáré pa fóònù tó ń dún, ó dúró pẹ́ bí ẹni ń retí èsì lóòótọ́, ó wá fa aṣọ bo ẹsẹ̀ náà, ó tún bi í.