Ẹ Wọn Prẹ́ṣọ̀ Kí Ẹ Tó Ra Pọ́ńpù: Ètò Epo Golf GTI 2.0 T FSI

Ẹ kú ìjókòó o. Ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ wa dá lé ni Golf GTI ìran karùn-ún, ẹlẹ́ńjìnnì 2.0 T FSI tó ń lo bẹ́líìtì fún táímìn. Ẹ̀sùn kan náà ló sábà máa ń gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì: bí awakọ̀ bá tẹ iná mọ́ ọn, agbára rẹ̀ á já, iná EPC (iná ìkìlọ̀ ẹ́ńjìnnì lójú dáṣíbọ́ọ̀dù) á tàn, sìkánà, ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, á sì gbé P2293 tàbí P0087 jáde, àwọn kóòdù tó ń sọ pé prẹ́ṣọ̀ epo ò pé. Kíá ni wọ́n á ti ní pọ́ńpù epo ló kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra pọ́ńpù kankan láìtíì wọn prẹ́ṣọ̀.

Pọ́ńpù méjì ló ní. Ọ̀kan wà nínú táǹkì lábẹ́ àga ẹ̀yìn, ó ń rán epo síwájú ní nǹkan bíi bar 4 sí 6. Ìkejì wà lórí ẹ́ńjìnnì, camshaft (ọ̀pá tó ń yí láti ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì) ló ń tì í. Òun ló ń gbé prẹ́ṣọ̀ inú rélì, páìpù tó ń pín epo fún àwọn ìńjẹ́kítọ̀, sún mọ́ bar 110 nígbà tí iná bá tẹ̀ tán.

Ẹ so sìkánà mọ́ ọkọ̀, kí ẹlòmíràn wà á lójú ọ̀nà tó dá. Ní jíà kẹta, kó tẹ iná tán láti 2,500 rpm títí dé 6,000. Ẹ fi prẹ́ṣọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń béèrè wé èyí tó wà nínú rélì. Bí wọ́n bá jọ ń lọ, ètò epo kọ́ ló ń dà yín láàmú. Bí ti rélì bá ń já bí rpm ṣe ń ròkè, ẹ wọn ti ẹ̀yìn, ìyẹn prẹ́ṣọ̀ tó ń ti pọ́ńpù táǹkì wá. Tí ìyẹn náà bá ń já, ẹ wo fíltà, kí ẹ sì wọn vóólù tó ń wọ kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí pọ́ńpù táǹkì nígbà tí pọ́ńpù ń ṣiṣẹ́. Wáyà tó ti dípẹtà lè fi vóólù 12 hàn nígbà tí nǹkan kan ò fa iná, kó sì wálẹ̀ gẹ́lẹ́ tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ̀yìn bá dára, ẹ wo cam follower. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ń fò kọjá.

Ife irin kékeré ni, ó jókòó sáàárín camshaft àti ọ̀pá pọ́ńpù. Tuntun rẹ̀ dúdú, ó ń dán. Bó bá ti ń jẹ, àárín rẹ̀ á kọ́kọ́ funfun bíi fàdákà, á jìn, á wá lu. Nígbà náà, ọ̀pá pọ́ńpù á máa ha camshaft fúnra rẹ̀, eérún irin á sì wọ ọ́ìlì. Ìnáwó ife kékeré ti di ti camshaft àti pọ́ńpù nìyẹn.

Kí ẹ́ńjìnnì tutù kí ẹ tó tú pọ́ńpù orí rẹ̀. Ẹ yọ fíúsì pọ́ńpù táǹkì, kí ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì jó epo tó kù títí yóò fi kú. Ẹ fi àkísà bo ẹnu páìpù bí ẹ ti ń tú u. Epo tó bá tú jáde ní bar 100 lè gún awọ ara wọlé. Kí ohun tí a fi ń pa iná wà nítòsí. Nọ́ọ̀tì T30 (èyí tí ojú rẹ̀ dà bí ìràwọ̀) mẹ́ta ló di pọ́ńpù mú. Ẹ máa tú wọn díẹ̀díẹ̀ káàkiri, torí sípírìǹgì inú rẹ̀ ń tì í jáde; bí ẹ bá tú ọ̀kan tán, pọ́ńpù á wọ́, ojú nọ́ọ̀tì á sì bàjẹ́. Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì fa ife náà jáde. Bí dúdú ojú rẹ̀ bá ti lọ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má fi sáńpépà fọ̀ ọ́. Ẹ fi ọ́ìlì pa tuntun lára, ẹ lo O-ring (òrùka rọ́bà tí kì í jẹ́ kó jò) tuntun, kí ẹ sì di nọ́ọ̀tì ní 10 Nm.

Ẹ fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì yọ, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ń rùn bẹntiróò, ó ṣeé ṣe kí síìlì pọ́ńpù ti ń jò. Ọ́ìlì tó ti fúyẹ́ á tún mú ife náà jẹ kíákíá.

Èmi á ní kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo 16,000 km. Fún ọkọ̀ tí wọ́n ti tún kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe fún agbára sí i, tàbí tí wọ́n fi sípírìǹgì líle sí pọ́ńpù rẹ̀, ẹ gé e sí 8,000. Lẹ́yìn ìtúnṣe, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo oríkèé páìpù bóyá ó ń jò, kí ẹ tún wọn prẹ́ṣọ̀ ní jíà kẹta kí ẹ tó dá kọ́kọ́rọ́ padà fún ọlọ́kọ̀.